Fáìlì Tiwa, Ohùn Ni

Nígbà tí mo sọ pé èmi ló kàn láti kọ nǹkan, àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ewì tàbí ìtàn àròsọ ni mo máa mú wá. Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo mú wá. Ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ọ̀rọ̀ èdè wa ló máa já sí.

Ẹni tó bá dàgbà ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ kò ní béèrè ohun tó ń jẹ́ ilé géèmù. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni: tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bẹ́ǹṣì onígi, PS2 tí wọ́n ti tú tí wọ́n ti tún tò láìmọye ìgbà, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn ilé. Èyí tó wà nítòsí wa ní Òkè-Àfà, náírà 50 ni wọ́n ń gbà fún eré kan nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama. Bó o bá pàdánù, wàá dìde fún ẹlòmíràn. Bó o bá borí, jókòó síbẹ̀, ẹni tó kàn ló máa sanwó.

Àwo tó wà nínú PS2 yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. PES 2018 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ẹgbẹ́ padà ti wà nínú ẹgbẹ́ tuntun wọn, aṣọ ọrùn wọn jẹ́ ti ọdún náà, orin tó sì ń dún bó o bá ń yan ẹgbẹ́ jẹ́ orin tí a ń gbọ́ lórí rédíò Èkó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, PES 2014 ni Konami ṣe kẹ́yìn fún PS2. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé iṣẹ́ náà kò ṣe òmíràn fún ẹ̀rọ yẹn mọ́. Àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà lò ló tú géèmù àtijọ́ náà palẹ̀. Wọ́n yọ orúkọ kan, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n yọ orin kan, wọ́n fi tiwa sí i. Wọ́n wá dì í padà sórí àwo tuntun. Wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ Konami, orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà kò sì sí lára àwo. Mi ò sọ pé ó bófin mu. Ohun tí mo ń sọ ni pé géèmù náà kò ṣílẹ̀kùn fún wa, àwọn ènìyàn bá gba ojú fèrèsé wọlé.

Géèmù kan wà tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ní GTA San Andreas nínú. Ọdún 2004 ni Rockstar gbé géèmù náà jáde fún PS2, èyí tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà sì jáde lọ́dún 2005. Nínú ti kọ̀ǹpútà yìí, fóldà kan wà tí wọ́n pè ní User Tracks. Orin tó bá wù ọ́, wàá dà á síbẹ̀. Bó o bá wọ mọ́tò nínú géèmù, tó o sì yí rédíò dé ìkànnì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, orin tìrẹ ni wàá gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kó fújì Àyìndé Barrister síbẹ̀. Ẹ wo ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń wa mọ́tò kiri Los Santos, ìlú tí wọ́n yà bíi Los Angeles ti Amẹ́ríkà, tí Barrister ń kọrin fún un lójú ọ̀nà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìlú yẹn ti dà bí àdúgbò tí ènìyàn lè gbà kọjá bó bá ń ti Cele bọ̀.

Rockstar kọ́ ló kọ́kọ́ ronú irú èyí. Lọ́dún 1999 ní Japan, ilé iṣẹ́ NanaOn-Sha ṣe Vib-Ribbon fún PlayStation àkọ́kọ́. Géèmù náà kéré débi pé mẹ́mórì ẹ̀rọ gba gbogbo rẹ̀. Bó bá ti wọlé tán, o lè yọ àwo rẹ̀ kúrò, kó o fi àwo orin tìrẹ sí i. Ọ̀nà tí ehoro inú géèmù náà ń tọ̀ á wá máa yí padà bí orin náà bá ṣe ń lọ. Àwo tó bá wà nílé rẹ ló máa sọ irú eré tó o máa ṣe.

Lónìí, fóònù ti gba ipò ilé géèmù ládùúgbò wa, PPSSPP sì ni ọ̀pọ̀ ọmọdé ń lò. Henrik Rydgård, ọmọ Sweden, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2012. PPSSPP fúnra rẹ̀ kì í ṣe géèmù. Ohun tó ń jẹ́ kí fóònù máa ṣe bíi PSP ni. Bó o bá kọ́kọ́ ṣí i, kò sí bọ́ọ̀lù kankan nínú rẹ̀, ìwọ lo máa fi fóldà tí fáìlì rẹ wà hàn án. Ọmọ ọdún 12 ládùúgbò wa mọ̀ pé ISO ni géèmù gangan, pé inú SAVEDATA ni orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun ń lọ, pé inú TEXTURES ni aṣọ wọn ń lọ, pé ZArchiver la fi ń tú èyí tí wọ́n bá dì. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní kíláàsì. Ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ló kọ́ ọ.

Ìdí tí mo fi ń ka gbogbo èyí sílẹ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ ìgbà la ti gbọ́ ọ pé ọmọ Èkó kò ní sùúrù fún Yorùbá, pé ohun tó bá ti le díẹ̀, wọn á sá. Ọmọ tó ń la fóldà mẹ́ta kọjá kó tó gbá bọ́ọ̀lù ní sùúrù. Ó ní sùúrù torí ó mọ̀ pé ohun tó wu òun ló wà lópin ọ̀nà náà.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọmọ kíláàsì mi méjì, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wa kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe géèmù kékeré kan fún àwọn ọmọ tó ń wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìsọlọ̀ nígbà ìsinmi. Godot la fi ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni Godot. Àwọn ọmọ Argentina méjì, Juan Linietsky àti Ariel Manzur, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 2014. Géèmù tiwa kò ní wàhálà: ohùn kan á pe ọ̀rọ̀ kan, àwòrán mẹ́rin á jáde, ọmọ á fọwọ́ kan èyí tó bá ohùn náà mu. Igbá tí a fi ń bu omi, ìgbá tí a ń jẹ, igbà tí ọlọ́pẹ fi ń gọ̀pẹ. Ẹ mọ irú rẹ̀.

Ohùn ara wa la gbà sílẹ̀ fún un. Yorùbá àjùmọ̀lò ni, a pe gbogbo sílébù rẹ̀ bó ṣe yẹ, a sì tẹ̀ lé àkọtọ́ 1974 nínú ohun tí a kọ sójú rẹ̀. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e fún àwọn ọmọ, ọmọdébìnrin kan gbọ́ "iṣu," ó fọwọ́ kan iṣu, ó gbà á. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Bùrọ̀dá, màmá àgbà wa kì í pè é báyẹn o. Uṣu ni wọ́n máa ń sọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ Èkìtì ni ìyá tó bí màmá mi. Wọ́n gbé pẹ̀lú wa ní Òkè-Àfà fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó padà sílé. "Ulé" ni wọ́n ń pe ilé títí wọ́n fi lọ. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n máa ń kì mí, kí n tó wẹ̀, kí n tó jẹun. Nígbà tí wọ́n padà sí Èkìtì, fọ́ìsì nóòtù ni wọ́n fi ń kì mí, ọmọ àbúrò màmá mi ló máa ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti dágbére fáyé báyìí. Ohun tó kù nínú ohùn wọn jẹ́ fọ́ìsì nóòtù mẹ́rìnlá lórí fóònù màmá mi, tí màmá mi sì ń gbé fóònù náà lọ sí ọjà Òṣòdì lójoojúmọ́.

Mo wo géèmù wa. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi la kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, síbẹ̀ kò sí ibi tí mo lè gbà fi ìkankan nínú fáìlì mẹ́rìnlá yẹn sínú rẹ̀. Bí Konami ṣe rí sí wa ní ilé géèmù ni àwa náà rí sí ọmọdébìnrin yẹn. A ti ilẹ̀kùn mọ́ ohùn màmá àgbà rẹ̀ síta.

A bá pinnu láti ṣe ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ṣe é, torí ó wù mí kí ẹlòmíràn náà ṣe tirẹ̀.

Bí fáìlì ṣe ń di mímú ni ohun àkọ́kọ́. Lórí Android òde òní, pàápàá láti Android 11, géèmù kò lè wọ inú fóònù ènìyàn kó máa tú fáìlì wò bó ṣe wù ú mọ́. Fóònù fúnra rẹ̀ ló máa ṣí ojú ibi tí wàá ti mú fáìlì. Èyí tó o bá fọwọ́ kàn nìkan ni géèmù máa rí. Ọ̀rẹ́ wa oníkọ̀ǹpútà ráhùn pé ó ń sọ iṣẹ́ di púpọ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba abẹ́ afárá Òṣòdì kọjá ní ìrọ̀lẹ́ mọ ìdí tí a kì í fi í gbé gbogbo fóònù wa lé àlejò lọ́wọ́. Fáìlì kan lo fún un, fáìlì kan ló máa mú.

Bí ọmọ bá ti mú fáìlì náà, géèmù gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú àyè tirẹ̀, tí Godot ń pè ní user://. Bó bá jẹ́ pé ibi tí fáìlì náà wà nìkan ni géèmù rántí, lọ́jọ́ tí fóònù bá ní mẹ́mórì òun ti kún, tí màmá ọmọ náà bá pa àwọn nǹkan orí WhatsApp rẹ́, ohùn náà á pòórá nínú géèmù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àyè yẹn náà ní àbùkù tirẹ̀: bí wọ́n bá yọ géèmù kúrò lórí fóònù, ó lè kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn wa fi ní láti ṣí síta bó ṣe ń ṣí sínú. A fi bọ́tìnnì kan síbẹ̀ tí ọmọ lè fi kó gbogbo ohùn tó ti kó jọ jáde padà sí fóldà tó bá wù ú.

A kò gba gbogbo irú fáìlì o. Ohùn àti àwòrán nìkan la gbà. Fáìlì Godot fúnra rẹ̀, irú èyí tó ní .tres nídìí, kò gbọ́dọ̀ ti ìta wọlé, torí kóòdù lè fara pamọ́ sínú rẹ̀, kó sì ṣiṣẹ́ bí géèmù bá ti ń ṣí i. Ilẹ̀kùn ọmọdé ni, a ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ibẹ̀ wọlé fi ibi ṣe é.

Ibi tí a dé yìí ni ọ̀rọ̀ ti wá di tiwa gan-an. Mo mú ọ̀kan nínú fọ́ìsì nóòtù màmá àgbà, mo gbé e fún géèmù. Géèmù kò dáhùn. Irú ohùn mẹ́ta ni Godot ń kà: WAV, MP3 àti Ogg Vorbis. WhatsApp orí Android ń fi fọ́ìsì nóòtù pamọ́ gẹ́gẹ́ bí .opus. Inú àpótí kan náà tó ń jẹ́ Ogg ni Opus àti Vorbis máa ń wà, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú àpótí yàtọ̀ síra. Ẹnì kan ní ká kàn yí .opus sí .ogg lára orúkọ rẹ̀. Ìyẹn dà bí ìgbà tí ènìyàn kọ "ìrẹsì" sára àpò gààrí. Ẹni tó bá gbé e kaná ló máa mọ̀.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan. MP3 wọlé, Opus dúró síta. Àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí ti ro ti ẹni tó fẹ́ mú fáìlì ohùn wá, orin ló sì wà lọ́kàn wọn, bí orin ṣe wà lọ́kàn àwọn tó ṣe San Andreas. Wọn ò ṣìnà, orin náà wà lórí fóònù tiwa. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ohun tí ènìyàn ní tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn kì í sábà jẹ́ orin. Ohùn ni. Màmá mi kì í tẹ Yorùbá sórí fóònù. Wọ́n ní ó ń pẹ́, àti pé àmì orí àti àmì ìdí ń da àwọn láàmú. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú ní ọjà, wọ́n á ti fi fọ́ìsì nóòtù ogún ránṣẹ́: ti oníbàárà, ti ẹgbẹ́ ọjà, ti àbúrò wọn ní Adó. Òwe wà nínú rẹ̀, èébú wà nínú rẹ̀, àdúrà wà nínú rẹ̀, ẹ̀ka-èdè tí a ń wá kiri nítorí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa náà wà nínú rẹ̀. Èrò tèmi ni pé lórí fóònù àwọn ìyá wa ni Yorùbá tí ẹnu sọ pọ̀ sí jù lọ lónìí, kì í ṣe ní yàrá ìkàwé kankan. Fáìlì .opus sì ni gbogbo rẹ̀.

Fún àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ mú tiwọn wá, ọ̀rẹ́ wa fi FFmpeg yí i padà sí Ogg Vorbis lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. A ò yàn WAV, torí WAV oníkíláàsì CD, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ikanni kan péré, á ju mẹ́gábáìtì 5 lọ fún ìṣẹ́jú 1, fóònù àwọn òbí wọn kò sì ní àyè yẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan jókòó ti láptọ́ọ̀pù máa yí fáìlì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan kò lè pẹ́ títí. Ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí géèmù náà á ṣe máa ka Opus fúnra rẹ̀. Kó tó parí rẹ̀, bí ọmọ bá mú .opus wá, géèmù kò ní dákẹ́, kò sì ní sọ gẹ̀ẹ́sì tí kò yé e. Á sọ fún un pé: "Mo rí ohùn tó o mú wá. Mi ò tíì lè kà á. Ní kí Bùrọ̀dá bá ọ yí i padà."

Orúkọ fáìlì tún ni òmíràn. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀ka Yorùbá lẹ máa gbádùn èyí jù. Ọmọ kan mú fáìlì tó ń jẹ́ owo.mp3 wá. Ṣé owó ni, àbí ọwọ́? Ṣé òwò ni, àbí ọ̀wọ̀, àbí ìlú Ọ̀wọ̀? Orúkọ náà kò lè sọ. Ẹni tó sì fara balẹ̀ fi àmì sí i kò tíì bọ́. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Fóònù kan lè mú ẹ kó fi àmì òkè lé e lórí, òmíràn lè mú é kó fi àmì ìdí sí i. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kóòdù tó ń fi lẹ́tà wé lẹ́tà, ọ̀rọ̀ méjì ni. Géèmù lè máa wá fáìlì tó wà níwájú rẹ̀ kó má rí i.

A bá fi orúkọ sílẹ̀. Fáìlì tó bá wọlé, géèmù á fún un ní nọ́ńbà. Á wá ṣe é kí ọmọ gbọ́ ọ, á sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Àwòrán wo ló ni ohùn yìí? Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ìlú wo ni wọ́n ti wá? Nítorí kí fáìlì má bàa sọnù la ṣe béèrè, ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì àti ìkẹta ló ń rán àwọn ọmọ padà sílé láti lọ béèrè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ìlú tí màmá àgbà wọn ti wá. Èkó ni wọ́n rò pé gbogbo ènìyàn ti wá.

Ẹ má rò pé gbogbo wa la fọwọ́ sí i. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbà rárá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ wọ̀nyí á ṣe ìdánwò WAEC lọ́jọ́ kan, ẹni tó bá sì kọ "uṣu" sínú ìwé ìdánwò, wọn ò ní fún un ní máàkì. Ó ní nígbà tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ èdè wa sílẹ̀, wọn ò kọ ti ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ọ̀nà kan tí Ẹ̀gbá, Èkìtì àti Ìjẹ̀bú lè jọ kà, òun ló sì jẹ́ kí a ní ìwé lónìí. "Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ń gbé tirẹ̀ wọlé, ta ló máa sọ pé ohùn kan kò tọ́? Ẹnì kan á pe igbá ní ìgbá, ọmọ á gbà á lẹ́nu rẹ̀, a ó sì ti fi géèmù wa tì í lẹ́yìn."

Mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé ohùn méjì ló máa wà, orúkọ wọn á sì hàn kedere. Ohùn Ìwé ni èyí tí àwa gbà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́. Ohùn Ilé ni èyí tí ọmọ mú wá. Bí ọmọdébìnrin yẹn bá fọwọ́ kan iṣu báyìí, á kọ́kọ́ gbọ́ "iṣu," lẹ́yìn náà á gbọ́ "uṣu" lẹ́nu màmá àgbà rẹ̀, orúkọ wọn àti ìlú wọn á sì jáde lábẹ́ rẹ̀. Ó kọ́ méjèèjì, ó sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ti ẹni tó ṣi ohùn pè ni a kò tíì yanjú. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kí olùkọ́ máa gbọ́ ohùn kí ó tó wọlé. Èmi rò pé olùkọ́ ọmọ Ìbàdàn lè lé ohùn Èkìtì tó tọ́ padà. A ṣì ń bá a fà á.

Ohun kan wà tí a ò jiyàn lé lórí: ohùn ènìyàn kì í ṣe ohun tí a ń mú láìbéèrè. Ìyá ọmọ kan wá bá wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ó má lọ mú èyí tí mo ti ń bínú sí bàbá rẹ̀ o." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ìyá náà sọ. Ọ̀rọ̀ gbèsè, ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nínú fọ́ìsì nóòtù. Géèmù wa kì í rán ohunkóhun jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ló ń mú fáìlì, àgbà tó ni ohùn tàbí ẹbí rẹ̀ ló sì ń gbà pé kó mú un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, a ò gbèrò rẹ̀. Ẹ mọ bí Ìsọlọ̀ ṣe rí. Ilẹ̀ Àwórì ni, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń gbé ibẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Igbo, tí bàbá rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládípọ̀. Ó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ lọ nínú wọn. Ó ti ń wo àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn màmá àgbà wọn wọlé. Ó wá bá mi, ó ní, "Bùrọ̀dá, ṣé mo lè fi ti màmá mi sí i?" Mo ní kó mú un wá. Ó gbé fáìlì náà wọlé, ó fọwọ́ kan àwòrán iṣu. Ohùn obìnrin kan sọ pé: "Ji." Géèmù bi í pé ta ló ń sọ̀rọ̀, ó tẹ̀ ẹ́: màmá mi. Àwọn tó kù pé lé e lórí, wọ́n ní kó tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn ọmọ kíláàsì yẹn ní fún iṣu, wọ́n sì mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe áàpù Yorùbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbèrò géèmù àlọ́ tàbí géèmù òwe, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ẹ tó fi ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, ẹ ṣe bọ́tìnnì kan tí ẹni tó ń lò ó lè fi mú fáìlì tirẹ̀ wá. Kí bọ́tìnnì náà gba ohun tó wà lórí fóònù àwọn ènìyàn wa gan-an. Kí ó bi wọ́n pé ta ló sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í kọ kóòdù náà ní iṣẹ́. Bó bá jẹ́ Android lẹ̀ ń lò, ẹ ṣí ibi tí fáìlì fóònù yín wà, ẹ wọ inú Android, lẹ́yìn náà media, com.whatsapp, WhatsApp, Media, títí ẹ ó fi dé WhatsApp Voice Notes. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n pín in sí, nọ́ńbà ni gbogbo orúkọ wọn. Ẹ wá ti ẹni tó dàgbà jù nílé yín. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tàbí sínú íméèlì ara yín, ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ìlú rẹ̀ sí i. Èmi ti ṣe ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Mẹ́ta nínú wọn ti wà nínú géèmù báyìí, àwọn ọmọ Ìsọlọ̀ tí kò mọ màmá àgbà mi rí sì ti ń sọ pé "ulé."